Àlá Tí N Kò Lá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Ahunṣọ ni mí ní Ìsẹ́yìn. N kò ní dárúkọ ara mi, mo sì ti yí orúkọ àwọn tí mo máa sọ̀rọ̀ wọn padà, torí ìlú wa kò tóbi tó bí ẹ ṣe rò. Ìka kan ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù, ẹ má bínú sí àṣìkọ. Ọdún keje rèé tí mo ti ń gbé e kiri nínú. Bí kì í bá ṣe ohun tí Ìyá Rọ́fíà wá bá mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bóyá ǹ bá gbé e wọ sàréè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á.

Múfútáù ni ọkọ Ìyá Rọ́fíà. Abẹ́ àtíbàbà kan náà la ti ń hun aṣọ, òfì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Lọ́dún náà, ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé ní Àbújá ní kí ẹgbẹ́ wa fi ẹnìkan ránṣẹ́, kí ó wá hun aṣọ lójú àwọn àlejò níbi àfihàn kan. Ó ní ọkọ̀ òfurufú lẹni náà máa wọ̀ wá. Èmi ni wọ́n mú.

Ẹ ò rí fáàrí tí mo ṣe. Odidi oṣù kan, kò sẹ́ni tó kọjá níwájú àtíbàbà wa tí n kò sọ fún pé mò ń lọ wọ bàálù. Mo ní tí mo bá dókè, màá juwọ́ sí wọn. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Láti kékeré ni ibi gíga ti máa ń já mi láyà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi gun òkè Adó-Awáyè, ìsàlẹ̀ ni mo dúró sí tí mò ń ṣọ́ bàtà wọn. Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́lé, ẹ̀rù náà ń pọ̀ sí i. Ó dá mi lójú pé tí mo bá wọ ohun yẹn, inú rẹ̀ ni mo máa kú sí.

Nígbà tó ku ọ̀la, mo da aṣọ bora, mo ní ibà ń ṣe mí. Irọ́ ni. Ara mi le koko. Múfútáù wá kí mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ, kí ojú má ti ẹgbẹ́ wa. Kò fẹ́. Ó ní sànyán ìyàwó kan wà lórí òfì òun, òun kò sì wọ bàálù rí. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò léwu?"

Mo ní, "Ewu wo? Bí ìgbà téèyàn jókòó sí pálọ̀ ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ohun tí mo gbà pé ó máa pa mí ni mo ní kí àbúrò mi lọ wọ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò tèmi lọ́jọ́ náà, ó sì jáde nílé ní ìdájí. Bàálù kékeré ni. Wọ́n ní kò tíì pẹ́ tó gbéra tó fi já lulẹ̀ sínú igbó, kò sì sẹ́ni tó yè nínú wọn.

Wọ́n máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi sá fún ẹ̀sín, ẹlòmíràn ló bá mi kú ikú ọ̀hún.

Nígbà tí àwọn èèyàn sáré dé ilé mi, orí ìdúró ni wọ́n bá mi. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ibà wo ló tètè lọ báyìí, àmọ́ mo rí i lójú wọn. Ní àsálátù ọjọ́ Àìkú, wọ́n ní kí n wá dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá mi sí. Mo dìde, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnu mi bá ní mo lá àlá. Mo ní mo rí aṣọ tó já fúnra rẹ̀ lórí òfì mi, tí ohùn kan sì ní kí n má lọ. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ké Alláhù Àkúbárù. Bẹ́ẹ̀ èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, n kì í lálàá rárá.

Bí mo ṣe di alálàá nìyẹn. Àwọn awakọ̀ tó ń ná Ṣakí, àwọn obìnrin tó ń lọ ra ọjà ní ibodè, wọ́n á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi. Màá ní Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Mo ń sọ fún ara mi pé àdúrà lásán nìyẹn, kì í ṣe irọ́. Tí wọ́n bá lọ ire tí wọ́n bọ̀ ire, wọ́n á mú iṣu wá fún mi, mo sì ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ Múfútáù, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i lójú àlá, ẹ sì jẹ́ kó lọ?" Mo dá a lóhùn pé àlá náà kò yé mi àfìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Ó bá dìde. Láti ọjọ́ náà, ó ń kúnlẹ̀ kí mi o, àmọ́ kì í wojú mi. Kò jẹ oúnjẹ nílé mi mọ́. N kò dá a lẹ́bi.

Ní báyìí, Rọ́fíà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ṣakí. Wọ́n pín in sí ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya lọ́hùn-ún láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní kó wọ bàálù, nítorí àwọn ajínigbé tó wà lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ kì í sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ bàálù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó wojú mi lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dárí rẹ̀ jì yín. Ẹ bá mi lá àlá sí ọ̀rọ̀ Rọ́fíà. Èyí tẹ́ ò lè ṣe fún bàbá rẹ̀, ẹ ṣe é fún ọmọ. Tẹ́ ẹ bá ní kó wọ bàálù, á wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò ni, á wọ mọ́tò."

Ó ní òun máa wá gbọ́ èsì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí.

N kò mọ èyí tó dára nínú méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ọ́n. Tí mo bá mú ọ̀kan, ẹnì kejì nìyẹn tí mo máa fi ẹnu mi rán jáde nílé yẹn. Tí mo bá sì sọ òótọ́, á mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò rí ikú ọkọ òun tẹ́lẹ̀, á sì mọ̀ pé ẹ̀rù ló mú mi fi í sórí ìjókòó mi, kì í ṣe ibà. N kò mọ èyí tó máa rọrùn fún un láti gbé. Tàbí àwáwí ni mo tún ń wá. Mo mọ ara mi.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo lọ sílé rẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Kí n tó lanu, ó ní, "Ṣé ẹ ti rí nǹkan?" Mo ní kò tíì. Mo mu omi náà, mo sì padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kí ẹ dárí jì mí, torí ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ẹ̀yin abiyamọ ni mo fẹ́ bi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Ìyá Rọ́fíà, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n sọ ọ́? Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọ̀la ni Jímọ̀, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun àti Rọ́fíà ni wọ́n jọ ń bọ̀.