Odò Tí Mo Fi Pákó Ṣe

Bọ̀ọ̀dá Àjàyí, ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ni ó kọ́kọ́ sọ fún wa bí ẹ̀gbọ́n mi Làmídì, tí wọ́n jọ ṣe ṣójà, ṣe kú. Ọdún 1946 ni ó sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ kejì tí ó ti ogun Bọ́mà dé. Ó jókòó sórí ẹní ìyá mi ní Òṣogbo, ó ní omi ló gbé Làmídì nígbà tí àwọn ń sọdá odò kan láàárín ìbọn ọ̀tá. Làmídì pe òun, òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun ti gúnlẹ̀, òun kò sì lè padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú ìyá mi, láti ìgbà náà ni n kò ti lè jókòó pẹ́ síbì kan. Bí mo ti ń kọ èyí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde.

Akọ̀wé rélùwéè ni mí. Èmi náà ni mo ń kọ ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ nílé wa sínú ìwé: ọjọ́ ìkómọ, ọjọ́ òkú, ohun tí àlejò bá sọ. Àjàyí kò yé bẹ̀ wá wò. Bí ó bá kó kòkó wá sí Iléṣà, á wọ lọ́rì wá kí ìyá mi. Ní ọdún 1955 ni ó sọ fún mi pé kí àwọn tó sọdá odò náà, àwọn ọ̀gá ṣójà fi yanrìn mọ odò àti òkè sórí tábìlì, wọ́n sì ń ta ogun náà níbẹ̀ bí ẹni ta ayò. Mo ní kó kọ́ mi. Ta ni kò ní fẹ́ rí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí?

Mo gba pákó kan lọ́wọ́ káfíńtà, mo fi amọ̀ mọ bèbè méjèèjì, mo gbẹ́ ojú omi sáàárín. Aláró ni ìyá mi. Aró inú ìkòkò wọn ni mo kọ́kọ́ pò mọ́ ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ. Nígbà tó gbẹ, ó sán wẹ́wẹ́. Mo họ ọ́ kúrò. Mo wá fi aró nìkan kun ìsàlẹ̀, mo da fáníìṣì lé e lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ fún ọjọ́ méjì. Ó ń dán débi pé ènìyàn á fẹ́ bù ú mu. Agolo mílíìkì ni mo gé ṣe ṣójà. Bí a bá ju dáìsì lúdò, iye tó bá mú ni ṣójà fi ń rìn, ìbú ìka kan fún ojú dáìsì kan.

Àjàyí wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, o mọ nǹkan í ṣe o. Ṣùgbọ́n omi yẹn fẹ̀ jù báyìí lọ. Ẹni tó wà ní bèbè kejì, bí ọmọ ọdún méje ló rí lójú."

"Ibi tí pákó mọ nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó dáa náà. Ta tìẹ."

A ta á títí. Bí ó bá ti lọ, èmi nìkan á tún máa ta á. Mo fi ṣójà kan ṣe Làmídì, mo fi ọ̀kan ṣe Àjàyí. Nígbà mẹ́sàn-án tí mo ta á, ìgbà méje ni Àjàyí padà wọ omi tó sì fa Làmídì jáde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Kí ló wá dé tí kò padà? Ṣé ẹ̀rù ló bà á? Mo ń rò ó lẹ́nu iṣẹ́, mo ń rò ó lójú ọ̀nà, títí Àjàyí fi tún dé, tí mo gbé pákó náà síwájú òun àti ìyá mi.

"Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀meje nínú mẹ́sàn-án. Ẹ lè padà. Ẹ kàn fi í sílẹ̀ ni."

Ìyá mi nu ọwọ́ aró wọn sára ìró. "Àjàyí, ó pè ọ́?"

"Ó pè mí, Ìyá."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"O ò sì lọ."

Àjàyí mú fìlà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi á kàn dá iṣẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, wọ́n á ní, "Ó ń pè é, ó sì ń gbọ́."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, mo ń wá ọjọ́ ìkómọ kan nínú ìwé mi, ni mo bá rí ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ: "Àjàyí ní omi náà fẹ̀ jù báyìí lọ. Pákó kò gbà á." Mo gbé pákó náà wò. Mo ti dín odò kù, n kò dín ìrìn ṣójà kù. Ìbú ìka mẹ́ta péré ni omi náà lórí pákó mi. Bí dáìsì bá ti mú mẹ́ta, ṣójà ti sọdá. Ìyẹn ni mo fi dá alààyè ènìyàn lẹ́bi.

Ìtìjú jẹ́ kí n tún fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta falẹ̀. Nígbà tó yá, mo wọ lọ́rì lọ sí Ìpetu. Mo bá Àjàyí níbi tó ti ń yí kòkó nínú oòrùn. Kò gbójú sókè.

"Akọ̀wé. Ṣé odò rẹ ti gbẹ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó ń yí kòkó rẹ̀ lọ.

"Èmi kọ́ ni o máa sọ ọ́ fún. Èmi mọ bí omi yẹn ṣe fẹ̀ tó."

Mo padà lọ sọ fún ìyá mi. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí n kò gba ẹni tó débẹ̀ gbọ́. Òótọ́ ni mo fi dá wọn lóhùn: odò tí mo ṣe ló wù mí jù. Ó dára lójú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé bí ti ọ̀hún ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé nílé bíi tèmi, tí ẹ fi ń dá àwọn ènìyàn yín lẹ́jọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ tún un kà kí ẹ tó la ẹnu.

Ìyá mi ránṣẹ́ sí Àjàyí, ó sì wá. Wọ́n ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí Làmídì ti pè é, wọ́n dá a dúró.

"Kí ló wí nígbà tó pè ọ́?"

Àjàyí wolẹ̀. "Ó ní, 'Àjàyí, má dúró, máa lọ.'"

"O ò sọ ọ́ fún wa rí."

"Ìyá, bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó ní mo ń gba ara mi sílẹ̀."

Ìyá mi wá kọjú sí mi. "Lọ bu omi wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1956 ni.