Ìpele Tí Kò Gbẹ ní Ilé Bodè

Munirah, gbé àwo ẹja yẹn sílẹ̀, n kò ní jẹ ẹ́. Láti Ẹ̀pẹ́ lo ti ń gbé oúnjẹ wá fún mi ní Ìkòròdú yìí látìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀, nítorí o gbà pé ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ni mí. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, ilẹ̀ kò ní gbà mí. Jókòó, kí o gbọ́ ohun tí mo ṣe.

O mọ Ilé Bodè yín ní Ẹ̀pẹ́ dáadáa, abẹ́ rẹ̀ lo ti ṣeré dàgbà. Amọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè sùn sójú fèrèsé. Yàrá òkè tó dábùú ọ̀nà ni àwọn baba ńlá yín, àwọn oníbodè, ti ń ṣọ́ ọ̀sà láyé ogun. Nígbà tí ògiri yàrá náà lanu, èmi Bàdírù bíríkìlà ni ìlú pè kí n tún un mọ kó tó di Iléyá, kí èrò Yídì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ìṣe wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ń dúró dè mí ní Ìkòròdú níbí. Ilé alámọ̀ kì í gba ìkánjú: bí a bá mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kó gbẹ ká tó gbé òmíràn lé e. Bàbá mi kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n. Èmi olórí burúkú, mo gbé tútù lé tútù, mo wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó ń dán. Bàbá rẹ, tó jẹ́ oníbodè nígbà náà, fọwọ́ kan ògiri náà, ó ní, "Bàdírù, ṣé inú rẹ̀ gbẹ?" Mo ní, "Ó gbẹ, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Iléyá kọjá láyọ̀. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Waliyah, ẹ̀gbọ́n rẹ, sá fún wọ abẹ́ bodè. Ògiri òkè wó lé e. Mo wà lára àwọn tó wà á jáde lábẹ́ àlàpà. Amọ̀ tí mo fọwọ́ nù kúrò lójú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Amọ̀ mi ni.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí àwọn àgbà bi mí pé kí ló fà á, mo ní páànù ló ń jò, àti pé iṣẹ́ oníbodè ni kó máa tún un kàn. Páànù kan ṣí létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè jò dé ògiri yẹn. Ẹnu yìí ló sọ ọ́. Gbogbo ojú yí sí bàbá rẹ, kò sì jiyàn, torí ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun máa kan páànù náà.

Lẹ́yìn fídáù, ó wá bá mi nílé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàdírù, ìwọ lo mọ ilé. Ṣé èmi ni mo pa Waliyah?" Munirah, "rárá" péré ni ìbá tú u sílẹ̀. Mo ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni, Bàbá." Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé fi ń tu ọlọ́fọ̀ nínú ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó mi orí, ó lọ. Oníbodè kò gba abẹ́ bodè mọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí títí ó fi kú.

Èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi náà ni mo jẹ́ kí bàbá rẹ gbé ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sọ́run. Lọ sí ibojì rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, bá mi sọ fún un pé rárá. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, gbé ẹja rẹ máa lọ, n kò ní bínú. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni.