Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Ipò Fódà Méjèèjì

Ọ̀gá, ẹ má ṣẹ́jú sí mi pé kí n jókòó. Mi ò ní jókòó. Ohun tí mo ti fi sínú láti ọjọ́ yìí á jáde lónìí, bó ti wù kó korò tó, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé rédíò yìí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a.

Ẹ rántí Àǹtí Olóhùn, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ohùn tá a ti gbà sílẹ̀. Ẹ lé e lọ pé àìmọ̀kan rẹ̀ ló pa ohùn àwọn àgbà tó ti kú rẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́.

Èmi ni mo fi Páítọ̀nù, èdè kọ̀ǹpútà, kọ ètò tá a fi ń kó ohùn pamọ́. Téèyàn bá tẹ orúkọ ètò náà tán, á tẹ orúkọ fódà méjì, ìyẹn àpò tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí, tẹ̀ lé e: àkọ́kọ́ ni ibi tí ohùn wà, èkejì ni ibi tá a fẹ́ kó o lọ. Ètò náà á kọ́kọ́ gbá ibi tó ń kó ohùn lọ mọ́ fínnífínní, á pa gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ rẹ́. Mo lè fún fódà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣì wọ́n mú, kí ètò tiẹ̀ béèrè pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò ṣe é, torí mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi nìkan lẹ ó máa ké sí. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Ìkà ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ ẹ̀.

Àmọ́ Àǹtí ń wo ọwọ́ mi. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Àbúrò, máa lọ jẹun ẹ, mo ti mọ idán ẹ." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Mo pààrọ̀ ipò fódà méjèèjì nínú ètò náà, kí àkọ́kọ́ di ibi tí ohùn ń lọ, mi ò sọ fún ẹnì kan. Mo rò pé tí ètò bá débi tó ti fẹ́ kó ohùn, tó bá a lófìfo, á kọ̀, wọ́n á sì ránṣẹ́ pè mí. Mo gbàgbé pé kó tó wo ibẹ̀ rárá ló ti ń gbálẹ̀, ibi tí ohùn àwọn àgbà wà gan-an ló sì gbá.

Nígbà tí ariwo sọ, mo sáré dá ètò padà sí bó ṣe wà, kẹ́ ẹ tó ní kí n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wá dúró níbí yìí, mo ní, "Ètò ò lẹ́bi, Àǹtí ló ṣì í tẹ̀." Ó wò mí lójú, ó ní, "Àbúrò, bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ ẹ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́." Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn ló burú jù.

Lánàá, mo lọ bá a nílé. Kò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán. Ó ní, "Má bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀. Ibi tó o ti bà mí lórúkọ jẹ́ ni kó o ti lọ tún un ṣe." Mo sọ fún ọ̀gá láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ta ló kọjá fún? Ẹ lé mi tó bá wù yín, mi ò bẹ̀ yín. Àǹtí nìkan ni mò ń bẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ ètò, ẹ jẹ́ kí ètò yín sọ ohun tó ń fẹ́ kó tó gbálẹ̀.

Ó yá, ẹ ṣílẹ̀kùn yẹn. Àǹtí ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti pè é ní aláìmọ̀kan rí, kó wá wò ó lójú. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ lọ.