Yàrá Màmá Nísàlẹ̀ Ilé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Capitol Heights, lókè òkun. Nọ́ọ̀sì méjì ló jókòó tì mí, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan. Ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, yàrá tí mo ń kọ́ fún Màmá nísàlẹ̀ ilé ti parí o! Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn."

"O kú oríire! Ṣé o ti sọ fún àwọn oní-inṣọ́ránsì?"

"Èyí tí mo ṣe nígbà tí mo ra ilé ńkọ́?"

"Kò sí yàrá níbẹ̀ nígbà yẹn, wọn ò sì mọ̀ pé ó wà báyìí. Tí omi bá ya wọ ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo ti ta òróró àdúrà sí gbogbo ilé."

"Àmín. Ṣé o ti ilẹ̀kùn kí o tó jáde?"

"Mo tì í. Mo tún fà á wò."

"Lẹ́yìn òróró?"

Ọ̀dọ́ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fa fóònù yọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá àwọn oní-inṣọ́ránsì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò tíì kúrò létí mi: "Ẹ jọ̀ọ́, yàrá kan wà nílé mi tí ẹ kò tíì mọ̀. Yàrá ìyá mi ni."

Ìwọ tí ò ń kà á, kí Ọlọ́run bo gbogbo yàrá ilé rẹ, kí ẹni tí ò ń retí sì bá ọ láyọ̀.