Orúkọ Thurstan Tí Mo Fi Ọ̀bẹ Họ Kúrò

Ohun mẹ́ta ló bàjẹ́, ọwọ́ mi sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: a họ orúkọ òkú kúrò nínú ewì rẹ̀, àdúrà tó tọ́ sí i ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, a sì pe opó rẹ̀ ní ọ̀mùtí lójú gbogbo ìlú. Ẹ̀yin ará ìjọ, mo bẹ àlùfáà kí n sọ ọ́ níhìn-ín, nítorí gbangba ni mo ti purọ́.

Ẹ rántí Thurstan, olùtọ́jú àgbá ọtí nílé Ọlọ́lá Fulk. Kí n tó lọ kàwé ní Oxford, ìdí iná rẹ̀ ni ilé mi. Emmot aya rẹ̀ a máa yan èso ápù sínú eérú, Thurstan a máa fi ṣíbí lu àgbá, a sì máa wá ọ̀rọ̀ tó bá ìlù náà mu bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbẹ̀ ló fi ń kéwì nígbà tí àwọn ọlọ́lá ń sọ Faransé. "Gervase, ọmọ ìwé," ni yóò wí, "Faransé yín dùn o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọbẹ̀ gbígbóná bó lẹ́nu, ṣé Faransé ló fi ń ké?" Emmot a ní, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kọ́mọ jẹun jàre. Ewì kì í yó ni." Háà, ayé ìgbà yẹn! Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn ápù yíyan, omi a lé sí mi lójú.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn mú un, ó ké ewì rẹ̀ kan fún mi kí n kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì di ọwọ́ mi mú. Àṣà wa ni kí akéwì fi orúkọ rẹ̀ parí ewì, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ lè gbàdúrà kí ọkàn rẹ̀ tètè bọ́ nínú iná ìwẹ̀nùmọ́. "Mi ò bímọ, Gervase. Ewì yìí ni ọmọ tí yóò sin mí. Kọ orúkọ mi kó hàn." Mo kọ ọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a sin ín ni Ọlọ́lá Fulk ránṣẹ́ pè mí, ìwé ewì náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ni Thurstan? Ẹni tó ń bu ọtí fún mi? Họ ọ́ dànù, kí o kọ Fulk síbẹ̀. Láti òní, ìwọ ni akọ̀wé àgbà mi." Mo mú ọ̀bẹ, mo họ orúkọ ẹni tó bọ́ mi kúrò lára awọ ìwé náà, mo fi òkúta dán ojú ibẹ̀, mo sì fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Èmi tí mo ń fi gbogbo ẹnu bú olè!

Ẹ̀yin náà wà níbi àsè Kérésìmesì. Nígbà tí kíka ewì náà ń parí lọ, Emmot pa ọwọ́ pọ̀ fún àdúrà, ó ń retí orúkọ ọkọ rẹ̀. Orúkọ Fulk ló gbọ́. Emmot fò dìde: "Irọ́ o! Ọkọ mi ló kọ ọ́!" Ọlọ́lá Fulk rẹ́rìn-ín: "Ìyá yìí, ọtí tí ọkọ rẹ jí pamọ́ ló ń pa ọ́." Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Emmot wá wò mí. "Gervase, o jẹun lọ́wọ́ mi. Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

Mo wo ilẹ̀. "Ìyá, mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ."

Ọ̀bẹ yẹn kò burú tó ẹnu yìí. Wọ́n wọ́ ọ jáde sínú yìnyín.

Emmot ti dùbúlẹ̀ àìsàn báyìí, kò lè pẹ́ mọ́. Kò bẹ̀rù ikú. Ohun tó ń pa á lẹ́kún ni pé ọkọ rẹ̀ ń jó nínú iná ìwẹ̀nùmọ́, ẹnì kan kò sì pe orúkọ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Má sunkún sí mi lára. Dá orúkọ rẹ̀ padà."

Ọlọ́lá Fulk, mo rí yín níwájú níbẹ̀. Ìwé ewì náà wà nínú àpótí yín, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìgbànú yín. Ẹ dìde. Ẹ gbé e, ká jọ lọ sẹ́bàá ibùsùn Emmot kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ fi ẹnu ara yín kà á fún un dé òpin, kí ẹ sì pe orúkọ Thurstan níbi tí mo kọ Fulk sí.