Orúkọ Màmá Wa Lára Ibojì

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Òṣogbo lọ sí Ìlobù, láàárín àwọn ọdún 1990, mo jókòó sẹ́yìn ìyá àgbà kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Òyìnbó dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Mà, iṣẹ́ títún ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ṣe ni mo kọ́ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà tí ìdílé kan kọ́ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Wọ́n fi òkúta gbẹ́ ère tọkọtaya kan, àwọn méjèèjì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ibojì."

"Ìyàwó náà wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Orúkọ rẹ̀ ṣì ṣeé kà."

Ìyá ní, "Nígbà tí a ti Gánà dé, bàbá wa kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré sí agboolé wa. Màmá wa ló ru gbogbo yanrìn rẹ̀. Ojú kan náà la sin àwọn méjèèjì sí, àmọ́ orúkọ bàbá nìkan làwọn àbúrò mi kọ síbẹ̀. Wọ́n ní bàbá ló kọ́lé."

Ó wá rọra sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbàgbé títí dòní: "Ẹni tó ru yanrìn, òun náà kọ́lé."

"Òótọ́ ni, mà."

"Ṣé ìwọ mọ lẹ́tà fín sára òkúta?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Èmi ni àkọ́bí wọn. Wá fín orúkọ màmá wa síbẹ̀, kí lẹ́tà tiwọn tóbi bíi ti bàbá."

Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlobù. Ìyá ló ṣíwájú, ó gbórí sókè bí ẹni tó ń lọ joyè.