Ó Ní Kí N Dìde Níwájú Àna Mi

Rárá o, Ìyá Mùbàṣírù, mi ò jókòó, ẹ gbé àga yín sọ́hùn-ún, mi ò sì mu omi, ẹni tí wọ́n dójú tì láàárọ̀ kì í mu omi nílé ẹni tó dójú tì í, ọmọ yín dà? Ó lọ kírun? Ẹ gbọ́ o, ó lọ kírun! Ọlọ́run Ọba, irú àwọn wọ̀nyí náà ń foríbalẹ̀ fún Ọ, àwọn tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀! Ó dáa, màá dúró dè é. Orí ìdúró gan-an ni màá wà. Bó bá ti wọlé, ojú mi ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí tiyín.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ta ni Mùbàṣírù? Ọjọ́ tí àáfà sọ ọ́ lórúkọ nínú ilé yìí, ta ló di ẹsẹ̀ àgbò mú kí wọ́n tó dú u? Ṣé kì í ṣe èmi Bùsúyì ni? Ta ló ń gbé e kọ́rùn lọ sódò? Ọmọ tó tọ̀ sí mi lọ́rùn! Òun náà ló wá lọ sí Èkó, ó lọ rìn yíká lọ́dọ̀ àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta, ó gbé ṣòkòtò péńpé dé, ó gbé ìbọ̀wọ́ tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ dé, ó ní òun ti di tíṣà. Tíṣà ẹ̀ṣẹ́! Gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn wa ń kọ́ ọmọ ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, tirẹ̀ ni kó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbá ara wọn létí.

Ta ló bẹ ta? Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé èmi ni mo lọ bá a? Òun ló wá bá mi nínú igbó níbi tí mo ti ń fa ayùn, ó na gbalaja nínú ìyẹ̀fun igi, ó ní, "Bọ̀dá Bùsúyì, ẹ gbà mí, àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè ní géńdé kan tí ẹnikẹ́ni ò lè kò lójú, apá yín nìkan ló lè ká a." Ó wí títí orí mi wú. Mo ní ó dáa. Àpò kòkó tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń lù fi kọ́ ẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ní Atikori, èmi ni mo fi ìyẹ̀fun igi kún un, èmi ni mo rù ú lọ. Ìgbà tí mo dé ọ̀hún ló tó sọ pé òfin wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí òun, kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó kó ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì lé àyà, kó tẹ orí ba, kó ní, "Ọ̀gá, mo dé." Mo ní, Mùbà, èmi náà? Ó ní èmi náà, pé ẹ̀ṣẹ́ ò mọ ẹ̀gbọ́n!

Mo gbà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n mo ní inú okùn tí wọ́n ta yí ojú ìjà ká yẹn nìkan ni o! Tí mo bá ti fẹsẹ̀ kan jáde níbẹ̀, èmi lẹ̀gbọ́n, ìwọ làbúrò, kí o dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní òun gbọ́. Ọmọ yín fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbọ́! Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe é bọ̀, nínú okùn èmi á tẹríba, níta òun á dọ̀bálẹ̀, àwọn èèyàn á máa fi wá rẹ́rìn-ín, kò dùn mí.

Láàárọ̀ yìí wá ńkọ́? Àwọn àna mi dé láti Ilaporu, Bàbá Oyèbọ̀dé fúnra wọn, baba Adépéjú, pẹ̀lú àwọn àgbà ilé wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí ibi tí ọmọ àwọn ń bọ̀. Ẹ mọ̀ pé igbó gẹdú ló jẹ gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń bi mí pé, "Bùsúyì, ṣé igi lo máa fẹ́ ni?" Ọlọ́run wá ṣe é, mo rí Adépéjú, ó gbà fún mi. Mo na gbalaja fún bàbá rẹ̀ ní ìta gbangba, àyà mi kanlẹ̀, bàbá ti gbé ọwọ́ sókè láti súre fún mi, ẹnu wọn ti là, ni mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Bùsúyì!"

Kò sí bọ̀dá. Kò sí ẹ̀gbọ́n. Bùsúyì lásán, bí ẹni ń pe ajá! "Bùsúyì, dìde ńlẹ̀! Ẹni tó máa jà ní Sátidé kì í fi àyà kan ilẹ̀!"

Ẹ gbọ́ kèéta! Níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Okùn wo ló wà níwájú ilé bàbá mi? Ẹ fi okùn ọ̀hún hàn mí! Oníranù, ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ orí ahọ́n! Ẹlẹ́sẹ̀ bí igi ìdáná! Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Èkó sọ fún mi pé àpò ìbọ̀wọ́ ló ń bá wọn gbé kiri, pé ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fún un jẹ, ó sùn sílẹ̀ títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́. Àgbò ìkómọ rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ! Àgbò yẹn tiẹ̀ kọ́kọ́ wojú mi kó tó ta mí nípàá.

Kí lẹ wí?

Bóyá mo dìde?

Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yín là ń sọ. Mo ní ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Ó dáa. Mo dìde. Ṣé ẹ ti gbọ́? Mo dìde! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò pète rẹ̀, ara ló gbọ́ ohùn rẹ̀ tó fò bí ẹni tí iná jó, kí n tó mọ̀, mo ti kẹ̀yìn sí àna, mo ti kó ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì lé àyà. Lójú Bàbá Oyèbọ̀dé! Ọwọ́ àdúrà wọn ṣì wà lókè. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ yín, wọ́n rọra kó ọwọ́ sínú agbádá, wọ́n ní, "A ò mọ̀ pé o ti ní olówó orí. À bá ti kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ọmọdé yìí kí o tó kí wa." Ìkọ́kọrẹ́ tí àbúrò mi sè, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn ń lọ rò ó. Ìyá Mùbàṣírù, ẹ̀yin mọ ohun tí "à ń lọ rò ó" jẹ́ lẹ́nu àna! Obìnrin tí mo rí fẹ́ ti ń lọ o, nítorí ẹnu ọmọ tó tọ̀ sí mi lọ́rùn!

Ẹ má bá a bẹ̀ mí. Ẹ má ní ọmọdé ń ṣe é, ṣé ọmọdé ló ń pàṣẹ fún àgbà? Tíṣà tó ń gba ọ̀wọ̀ nínú okùn tí kò mọ̀wọ̀ àgbà níta, tíṣà wo nìyẹn? Mi ò jà mọ́ ní Sátidé. Kí òun fúnra rẹ̀ bọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú itan adìyẹ rẹ̀, kí géńdé Àgọ́-Ìwòyè fi ṣe oúnjẹ. Bó bá sì wọlé báyìí, ẹ wò ó, ọwọ́ mi á wà lẹ́yìn, màá ní, "Mùbàṣírù ọmọ Hàmídù, dọ̀bálẹ̀ kí n tó bá ọ sọ̀rọ̀." Bí màá ṣe wí i nìyẹn. Ohùn mi ò ní gbọ̀n. Ta ló ń kí sálámà lẹ́nu ọ̀nà yẹn? Òun ni? Ó kúkú dáa. Ẹ máa wò mí. Ẹ ṣáà máa wò mí. Wọlé, ìwọ aláìmoore, wọlé wá...

Ọ̀gá, mo dé!

Yéè! Mo gbé! Ta ló sọ ìyẹn? Ẹnu mi ni? Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, ó ti pa pọ̀! Ẹ wo ẹ̀ṣẹ́ lórí àyà mi! Ìyá Mùbàṣírù, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má... háà, háà, háà! Ó tán, ọmọ yìí ti bà mí lára jẹ́ pátápátá! Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín, òpònú? Dìde, má dọ̀bálẹ̀ fún mi, ìyẹn ò wúlò fún mi mọ́. Mú fìlà rẹ. Ilaporu là ń lọ nísinsìnyí, bí kò bá sí ọkọ̀, a ó fẹsẹ̀ rìn ín. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ na gbalaja fún Bàbá Oyèbọ̀dé, kí o bẹ̀ wọ́n títí wọn á fi gbọ́. Lẹ́yìn náà kí o wá fi ohùn burúkú yẹn pè mí níwájú gbogbo wọn, kí o ní, "Bùsúyì, dọ̀bálẹ̀!" Ìwọ lo gbé ara yìí dìde, ìwọ náà ni kí o dá a padà sílẹ̀, kò gbọ́ ti ẹlòmíì mọ́.